Yógà: Nílé Ni Tàbí ní Kíláàsì?

  

Lẹ́tà tó wà níwájú mi lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ obìnrin olùkọ́ kan ní Òṣogbo ló ti wá. Ó ní láàárín ọdún kan òun ti bẹ̀rẹ̀ ìdárayá àwọn ará Íńdíà tí à ń pè ní yógà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òun sì ti pa á tì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà àkọ́kọ́ ó ṣe é fún ọjọ́ 11, nígbà kejì ọjọ́ 6. Nígbà kẹta ó tilẹ̀ ra ẹní tuntun olówó gọbọi sí i, kò sì ju ọjọ́ 4 lọ tí ẹní náà fi di ohun tí àwọn ọmọ ń sùn lé níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ó wá béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n máa lọ sí kíláàsì ni, àbí kí n máa ṣe é nílé? Ẹ̀yìn ń ro mí, mi ò sì fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ ohun tí n kò ní lè máa bá lọ."

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ ẹní yẹn. Nígbà tó yá, mo dákẹ́, nítorí ìtàn èmi gan-an ni ìyá olùkọ́ yìí ń sọ láìmọ̀.

Ọdún 31 ni mo fi dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ náà rí mọ ohun tí mò ń wí: lọ́sàn-án a ó dúró títí ẹsẹ̀ yóò fi wú, lálẹ́ a ó tẹrí sórí ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ títí ọrùn yóò fi gan. Ẹni tó jókòó sórí àpótí nídìí ọjà rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kò sàn jù mí lọ. Nígbà tí ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, jẹ̀díjẹ̀dí ni gbogbo ènìyàn pè é, mo sì mu àgbo rẹ̀ títí ó fi sú mi. Mo fi ìpara pa á, mo jẹ oògùn ara ríro. Bí ó bá lọ lónìí, yóò padà lọ́la.

Ní ọdún 2018 a lọ ṣe ìdána fún ọmọ àbúrò mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwa ẹbí ọkọ wọlé pẹ̀lú orin. Àwọn obìnrin wa kúnlẹ̀, àwa ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nígbà tí wọ́n ní kí a dìde, gbogbo wọn dìde, ó ku èmi nìkan nílẹ̀. Ẹ̀yìn mi ti gan pátápátá. Alága ìjókòó rò pé eré ni mò ń ṣe, ó ké pé, "Bàbá yìí ní òun ò ní dìde àfi tí ẹ bá fún òun lówó!" Ni ènìyàn bá bú sẹ́rìn-ín, ni wọ́n bá ń da owó lé mi lẹ́yìn. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi ti kún ojú mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjì ló gbé mi ní apá dìde bí ẹni gbé àpò sìmẹ́ǹtì. Ọkùnrin Yorùbá tí kò lè dọ̀bálẹ̀ mọ́, ẹ jọ̀wọ́, kí ni yóò máa fi kí àna rẹ̀?

Wọ́n ya àwòrán eegun mi nílé ìwòsàn. Eegun kò ṣẹ́, kò sì yẹ̀. Obìnrin tó ń fi ìdárayá wo àwọn aláìsàn níbẹ̀ ló là mí lóye pé iṣan mi ló ti gan, àti pé kí n má rò pé dídùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ni yóò tú u. Rírìn ni, nína ara ni, ó sì dárúkọ yógà. Kì í ṣe òun nìkan ló gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2017, ẹgbẹ́ àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà, American College of Physicians, gbé ìlànà jáde lórí ẹ̀yìn ríro tó ti pẹ́ lára. Wọ́n ní kí a kọ́kọ́ gbìyànjú ìdárayá àti àwọn ìtọ́jú mìíràn tí kì í ṣe oògùn, kí a tó máa gbé oògùn mì. Wọ́n ka yógà mọ́ àwọn ìtọ́jú náà.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan nínú yín ti ń wí pé, "Ṣé kì í ṣe ẹ̀sìn nìyẹn?" Èmi náà béèrè, mi ò sì ní purọ́ fún yín. Láti inú èdè Sáńsíkírítì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni síso nǹkan pọ̀, bí àjàgà ti ń so màlúù méjì pọ̀. Láàárín àwọn ẹlẹ́sìn ilẹ̀ Íńdíà ló ti dàgbà, ọ̀pọ̀ níbẹ̀ sì kà á sí ọ̀nà ìsìn títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù gbà kí a máa kọ́ àwọn àgbàlagbà ní yógà ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́, ní ìparí àwọn ọdún 1960, ìdárayá ni wọ́n ní kí a fi kọ́ wọn, kí a yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kúrò níbẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí pàápàá kò fohùn ṣọ̀kan lé e lórí. Ní ọdún 2008 ìgbìmọ̀ fátúwà ilẹ̀ Malaysia ní kí Mùsùlùmí má ṣe yógà tó bá ní orin ìjọsìn nínú. Ní ọdún 2017 ìjọba Sáúdí Arébíà kà á mọ́ eré ìdárayá, wọ́n sì gbà kí a máa kọ́ ọ níbẹ̀. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni èmi. Mo ń tẹ̀, mo ń nà, mo ń mí. Bí àwọn kan bá ń kọrin, mo ń pa ẹnu mi mọ́, kò sì sẹ́ni tó lé mi jáde rí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á, kí ó lọ bi àlùfáà rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Wàyí o, ẹ gbọ́ ìwà òmùgọ̀ tí mo kọ́kọ́ hù. Mo ní olùkọ́ ni mí, kí ni mo ń wá kíláàsì ẹlòmíràn lọ? Mo ra ìwé kan tó kún fún àwòrán. Dípò kí n bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́, mo ṣí i dé ibi tí ọkùnrin kan ti fi orí dúró tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè, mo sì sọ pé èyí gan-an ni mo fẹ́. Mo fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn yàrá, mo gbé orí sílẹ̀, mo ju ẹsẹ̀ sókè. Ó dúró! Mo ń ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú ọkàn mi, nígbà náà ni ọmọ ọmọ mi ṣí ilẹ̀kùn náà láti wá bèèrè owó búrẹ́dì. Ọjọ́ 11 ni mo fi ń yí gbogbo ara mi padà nígbà tí ẹnìkan bá pè mí láti ẹ̀yìn, nítorí ọrùn kò ṣeé yí. Mi ò dá ọmọ náà lẹ́bi, mo tilẹ̀ fún un ní owó búrẹ́dì náà.

Ìyẹn ló gbé mi dé gbọ̀ngàn kan ní Ìkẹjà ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Mo bá obìnrin mọ́kànlá àti ọkùnrin kan lórí ẹní. Olùkọ́ wọn, ọmọbìnrin Yorùbá kan ni, ó kéré sí àkọ́bí mi. Ojú tì mí, mo sì ti fẹ́ padà sẹ́yìn, àfi bí ó ti kúnlẹ̀ tó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ bọ́ bàtà yín síbí, ẹ máa bọ̀." Láti ọjọ́ náà, Tíṣà ni mò ń pè é, òun náà ń pè mí ní Dádì.

Àṣìṣe tó kọ́kọ́ rí lára mi, imú ló wà. Ó ní, "Dádì, ṣé ẹ̀ ń mí ṣá?" Ìgbà náà ni mo rí i pé láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti sé èémí mọ́ra bí ẹni tó fẹ́ rì sínú odò. Ó ní bí èémí bá ti há, a ti na ara kọjá ibi tó yẹ nìyẹn, kí n dín in kù títí èémí yóò fi máa lọ tí yóò fi máa bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí, mo bẹ̀rẹ̀ kí n lè fi ọwọ́ kan ilẹ̀, inú mi sì ń dùn pé ó kù díẹ̀ kó kàn án. Tíṣà fi ìka kan mi lẹ́yìn, ó ní ẹ̀yìn mi ni mo tẹ̀ bí ọrun, pé láti oríkèé itan ló yẹ kí n ti tẹ̀, kí n rọ orúnkún díẹ̀, kí ọwọ́ mi má tilẹ̀ dé ilẹ̀ rárá, kí n gbé e lé orí àga. Ọdún 31 ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ mú ṣọ́ọ̀kì nílẹ̀ lọ́nà tí kò dára, kò sì sí ẹni tó fi ìka kan mí lẹ́yìn rí! Ìwé olówórán mi kò lè ṣe èyí fún mi. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ sí òdì, àwòrán inú rẹ̀ kò lè rí mi.

Ó fún mi ní bíríkì onígi méjì àti okùn aláṣọ gbọọrọ kan láti fi ran ara mi lọ́wọ́. Ẹni tó mú kí lílo irú nǹkan báwọ̀nyí tàn káàkiri ni B.K.S. Iyengar. Ìtàn rẹ̀ dùn mọ́ mi nítorí pé ẹni tí ara rẹ̀ le kọ́ ni wọ́n bí. Ọdún 1918 ni wọ́n bí i ní Bellur ní gúúsù Íńdíà, nígbà àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn ńlá tó dé ilẹ̀ wa náà lọ́dún yẹn. Àrùn náà wà lára ìyá rẹ̀ nígbà oyún. Ibà, jẹ̀funjẹ̀fun àti ikọ́ ẹ̀gbẹ ni ọmọ náà fi ṣe ìgbà èwe. Ní 1934 ó lọ sọ́dọ̀ ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Krishnamacharya, tó ń kọ́ni ní yógà ní ààfin ọba Mysore, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1937 wọ́n rán an lọ sí Pune láti lọ máa kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ọmọ ọdún 18 péré ni. Ní 1952 ó pàdé Yehudi Menuhin, ọ̀gá nínú títa fayolíìnì. Èyí ló mú un dé Yúróòpù ní 1954. Ìwé rẹ̀, Light on Yoga, jáde ní 1966. Nígbà tó kú ní 2014, ẹni ọdún 95 ni. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá nìyẹn o.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ ìyá olùkọ́. Mo ń lọ sí kíláàsì ní gbogbo Sátidé, ara mi á yá gágá títí di ọjọ́ Ajé. Tó bá fi máa di Ọjọ́bọ̀, ẹ̀yìn ti padà sí bó ṣe wà. Oṣù méjì kọjá bẹ́ẹ̀, mi ò kúrò lójú kan. Tíṣà ní, "Dádì, ọmọ ilé-ìwé tó bá jẹ́ ọjọ́ kan péré ló ń kàwé lọ́sẹ̀, ṣé yóò yege?" Ó bá mi níbi tó ń dùn mí.

Ni mo bá fi ìtara sọ pé wákàtí kan ni n ó máa ṣe lójoojúmọ́ ní agogo márùn-ún ìdájí. Ọjọ́ 9 ló mọ. Ní ọjọ́ kẹwàá òjò rọ̀, oorun dùn. Ní ọjọ́ kọkànlá mo ní kí n kúkú fi méjì ṣe ọ̀kan lọ́la. Ẹ̀yin tí ẹ ti dá àjọ rí mọ bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ní òun yóò san ìlọ́po méjì lọ́la ti máa ń parí. Bí mo ti fi í sílẹ̀ nìyẹn, ojú sì tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lọ sí kíláàsì fún Sátidé mẹ́ta.

Nígbà tí mo padà, Tíṣà kò bá mi wí. Ó kàn bi mí pé kí ni ohun tí n kì í gbàgbé láéláé ní àárọ̀. Mo ní tíì ni. Ó ní kí n fi yógà ṣáájú tíì náà, ìṣẹ́jú 10 péré, nígbà tí omi bá wà lórí iná, kí n má sì ká ẹní náà nílẹ̀ mọ́. Ìṣẹ́jú 10! Ó dà bí ẹni pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ìṣẹ́jú 10 yóò dá dúró kó má tètè débi iṣẹ́, kò sì sí òjò tó le tó bẹ́ẹ̀.

Èmi náà fi ọgbọ́n olùkọ́ kún un. Mo wá ìwé rẹ́jísítà àtijọ́ kan, mo kọ orúkọ ara mi sí i, orúkọ kan ṣoṣo ní gbogbo ojú ewé. Bí mo bá ṣe é, mo wá. Bí n kò bá ṣe é, mo pa kíláàsì jẹ, kò sì sí àwáwí. Ní oṣù àkọ́kọ́ mo wá ní ọjọ́ 17. Ní oṣù kejì, 23. Ní oṣù kẹta àìsàn ibà mú mi, 14 ni. Tẹ́lẹ̀ rí, oṣù tó burú bí èyí ìbá ti fòpin sí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni olùkọ́ tó ń yọ orúkọ ọmọ kúrò nínú ìwé nítorí pé ó ṣàìsàn? Mo ṣí ojú ewé tuntun.

Ohun tí mò ń ṣe kò pọ̀. Mo ń kúnlẹ̀, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rá, mo tẹ ẹ̀yìn sókè bí ológbò tó rí ajá bí mo ti ń tú èémí jáde, mo sì jẹ́ kí ikùn wá sílẹ̀ bí mo ti ń fà á sínú, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ. Mo dìde, mo gbé ọwọ́ lé etí tábìlì ìjẹun, mo rìn padà sẹ́yìn títí apá àti ẹ̀yìn yóò fi tò tẹ́ẹ́rẹ́, mo mí ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì gbé àyà díẹ̀ sókè bí sèbé tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo dojú ọ̀run, mo fi ọ̀já tí ìyàwó mi fi pọn àwọn ọmọ wa kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ kan, mo na ẹsẹ̀ náà sókè, lẹ́yìn náà èkejì. Ẹ má fi ẹní koríko ṣe èyí tí ẹ ó dúró ṣe lórí táìsì o, yóò yọ̀ yín dànù. Ẹní rọ́bà ló ń di ilẹ̀ mú. Tí kò bá sí, ẹ bọ́ sílẹ̀ lásán láìwọ ìbọ̀sẹ̀.

Ìgbẹ̀yìn ni ìdùbúlẹ̀ tí àwọn ará Íńdíà fi orúkọ òkú pè: a ó na gbalaja, a ó dijú, a kò ní mira. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é nílé mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá Bísí wọlé láti ọjà, ó rí mi nílẹ̀, ó sì figbe bọnu: "Bàbá Bísí! Ẹ gbà mí o! Bàbá Bísí!" Aládùúgbò méjì ti wọlé kí n tó rí ẹnu sọ pé èmi rèé. Ó bá mi jà títí di alẹ́. Òun náà ni lónìí tó jẹ́ pé, bí ó bá ti ìsọ̀ dé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, yóò sùn sílẹ̀, yóò gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sára ògiri fún ìṣẹ́jú 10, yóò sì máa ṣírò owó ọjà lórí ìnàró bẹ́ẹ̀. Ó ní ti òun kì í ṣe yógà. Mi ò bá a jiyàn.

Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma, kó má fi orí sílẹ̀ kó gbé ẹsẹ̀ sókè rárá. Ẹni tí dókítà sọ fún pé eegun rẹ̀ ti di fífẹ́lẹ́, kó má tẹ ẹ̀yìn ba wọnú. Aboyún, kó sọ fún olùkọ́ kó tó bọ́ bàtà. Ẹ má jẹ iyán tán kí ẹ wá tẹ̀, ẹ jẹ́ kó tó wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ìrora tó mú bí abẹ́rẹ́ tàbí tó ń sáré wọ ẹsẹ̀ lọ, dókítà ni kí ẹ gbé e lọ bá, kì í ṣe èmi.

Nítorí náà, ìyá olùkọ́, ẹ lọ sí kíláàsì, ṣùgbọ́n ẹ má gbé gbogbo ẹrù náà lé kíláàsì lórí. Bí owó tàbí ọ̀nà kò bá gbà yín láti máa lọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ lọ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lóṣù kí ẹnìkan lè rí ẹ̀yìn yín. Ìṣẹ́jú 10 tí ẹ bá ń ṣe láàárín ni yóò tú ẹ̀yìn náà. Ẹ gba ẹní yín lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ẹ tẹ́ ẹ síbi tí ẹ ó ti fi ẹsẹ̀ kọ ọ́ bí ẹ bá ti jí.

Ní ọdún Kérésì tó kọjá mo lọ kí bàbá ìyàwó mi ní Iléṣà. Ẹni ọdún 91 ni wọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀ wọn, mo fi àyà kan ilẹ̀, wọ́n súre fún mi, wọ́n sì pẹ́ lórí rẹ̀ bí wọ́n ti máa ń ṣe. Nígbà tí wọ́n ní kí n dìde, mo dìde. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, kò sí ẹni tó náwó fún mi. Bàbá kàn ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá.

Ìyá olùkọ́, bí rẹ́jísítà yín bá ti pé oṣù kan, ẹ kọ̀wé sí mi, kí ẹ sì sọ iye ọjọ́ tí ẹ wá. Bí ó bá jẹ́ 8 péré, ẹ má fi pamọ́ fún mi.